Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ikùn: Kí ló dé tó fi yẹ kí ẹbí béèrè iye ìgbà tí ilé ìwòsàn ti ṣe é?

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ikùn rí. Inú tó ń run bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní ọgbẹ́ inú, tí wọ́n ń ra oògùn sí lọ́wọ́ olóògùn àdúgbò fún oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ díẹ̀ tí ìyá jẹ tí wọ́n ní àwọn ti yó. Ara tó ń rù láìsí ìdí. Kò sẹ́ni tó máa ń tètè fura. Nígbà tí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, tí dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí: "Èló ni?" àti "Ìgbà wo ni?"

Ìbéèrè kẹta wà tí a kì í sábà béèrè, bóyá nítorí pé ojú ń tì wá, tàbí nítorí pé a rò pé ó dà bí ẹni ń rí dókítà fín. Ìbéèrè náà ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, irú iṣẹ́ abẹ yìí mélòó lẹ ṣe níbí lọ́dún tó kọjá?" Ìwádìí tó ti lé ní ogójì ọdún báyìí fi hàn pé ìdáhùn sí ìbéèrè yìí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá aláìsàn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wálé.

Àìsàn náà àti iṣẹ́ abẹ rẹ̀

Ní ọdún 2022 nìkan, àyẹ̀wò fi hàn pé nǹkan bí 968,000 èèyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jẹjẹrẹ ikùn káàkiri ayé, nǹkan bí 660,000 ló sì bá a lọ. Ipò karùn-ún ló wà nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń pa èèyàn jù lọ lágbàáyé. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, èyí tó máa ń gbé inú ikùn èèyàn láti kékeré, wà lára ohun tó ń fà á jù. Àwọn dókítà méjì ará Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ló ṣàwárí ipa tí kòkòrò náà ń kó nínú ọgbẹ́ inú, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Láti 1994 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Bí àìsàn náà kò bá tíì tàn dé ibòmíràn nínú ara, iṣẹ́ abẹ ni òpó ìtọ́jú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fi oògùn jẹjẹrẹ kún un ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n á gé apá kan àpò oúnjẹ kúrò, tàbí kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Wọ́n á yọ àwọn kókó kéékèèké tó yí i ká, torí pé ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ máa ń gbà tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rán ohun tó kù mọ́ ìfun. Ohun tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù jù ni pé kí ojú rírán yẹn má jò. Bó bá jò, oúnjẹ àti omi inú á dà sínú ikùn, àrùn á wọlé, ẹ̀jẹ̀ á sì dọ̀tí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ti fi ọwọ́ kọ́ ọ. Jules Péan dán an wò ní Páríìsì ní 1879, Ludwik Rydygier náà dán an wò ní 1880. Àwọn aláìsàn méjèèjì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1881, Theodor Billroth ṣe é fún obìnrin ẹni ọdún 43 kan ní ìlú Vienna, obìnrin náà sì là á já. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ tó padà wá tó mú un lọ, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ló pa á. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ Billroth ti fi ọ̀pọ̀ àkókò dán iṣẹ́ náà wò lára ajá ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Wọn kò déédéé mú abẹ.

Ohun tí ìṣirò fi hàn

Ní 1979, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Harold Luft, John Bunker àti Alain Enthoven, gbé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn 1,498 yẹ̀ wò, lórí oríṣi iṣẹ́ abẹ méjìlá. Wọ́n rí i pé nínú àwọn iṣẹ́ tó le, bí iṣẹ́ abẹ ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ikú níbi tí wọ́n ti ń ṣe 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún fi ìdá 25 sí 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ibi tí wọn kò ti ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tó tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ jáde ní 2002. John Birkmeyer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo iṣẹ́ abẹ mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà láàárín 1994 sí 1999. Oríṣi iṣẹ́ abẹ mẹ́rìnlá ni wọ́n wò, ti jẹjẹrẹ ikùn sì wà lára wọn. Lórí iṣẹ́ abẹ pancreas, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn, ikú jẹ́ ìdá 16.3 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọn kì í ti ṣe é púpọ̀, ó sì jẹ́ 3.8 péré níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Ti ikùn kò tó bẹ́ẹ̀: ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ láti ìdá méjì sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká fojú kéré iye yẹn. Bí ọgọ́rùn-ún bàbá bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó túmọ̀ sí pé méjì sí márùn-ún nínú wọn kú níbi tí iṣẹ́ náà kò ti wọ́pọ̀, tí wọn ì bá sì wà láàyè ká ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n lọ. Àìsàn kan náà ni, oògùn kan náà ni. Ibi tí wọ́n lọ ló yàtọ̀.

Kì í ṣe ọwọ́ dókítà nìkan

Ẹni tó bá rò ó á ní: télọ̀ tó ń rán agbádá lójoojúmọ́ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń rán ẹyọ kan ní ọdún Iléyá. Òótọ́ ni. Ìwádìí mìíràn tí Birkmeyer ṣe ní 2003 fi hàn pé iye ìgbà tí dókítà fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà ní ipa tó pọ̀. Àmọ́ kò tán síbẹ̀.

Ní 2011, Amir Ghaferi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀. Wọ́n wo iṣẹ́ abẹ ikùn, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti pancreas, wọ́n sì pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: aláìsàn mélòó ni ìṣòro ńlá bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Nínú àwọn tí ìṣòro bá, mélòó ló kú? Lórí èyí àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ kò pọ̀. Níbi tí iṣẹ́ kò ti pọ̀, ìṣòro bá ìdá 42.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tó ti pọ̀ jù, ìdá 38.9 ni. Ìyàlẹ́nu wà lórí èkejì. Nínú àwọn tí ìṣòro bá, ìdá 30.3 ló kú níbi tí iṣẹ́ kò ti pọ̀, àmọ́ ìdá 13.1 péré ló kú níbi tó ti pọ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú rírán lè jò níbikíbi, kódà lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ohun tó ń yọ aláìsàn ni ẹni tó tètè rí i. Nọ́ọ̀sì tó ti tọ́jú ọgọ́rùn-ún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń mọ̀ pé ọkàn tó ń sáré ní òru ọjọ́ kẹrin kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀la sí. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà mọ ẹni tó yẹ kó pè. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ń ṣiṣẹ́ ní agogo méjì òru. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́. Wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ní bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Nítorí náà, bí a bá ń béèrè iye iṣẹ́ abẹ tí ilé ìwòsàn ń ṣe, gbogbo ilé náà là ń béèrè nípa rẹ̀, láti orí ọ̀gá dókítà dé orí ẹni tó ń gba wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kọ́ tí Netherlands fi owó iyebíye rà

Láàárín 1989 sí 1993, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tí àwọn ará Japan ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ yìí sàn ju tiwọn lọ. Ọ̀nà ti Japan ni láti yọ kókó tó pọ̀ jù, títí dé àwọn tó jìnnà díẹ̀ sí àpò oúnjẹ. Ọ̀gá kan láti Japan, Mitsuru Sasako, wá kọ́ wọn. Aláìsàn 711 ló kópa, ní ilé ìwòsàn 80. Ẹ pín 711 sí ọ̀nà 80: kò pé mẹ́sàn-án fún ilé ìwòsàn kan, ní gbogbo ọdún tí ìdánwò náà fi wáyé. Àbájáde rẹ̀ bani nínú jẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ti Japan fún, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kú nílé ìwòsàn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ti ìbílẹ̀ fún, mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀ dókítà Yúróòpù sọ pé ọ̀nà Japan kò dára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Japan fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò tirẹ̀, lórí iṣẹ́ abẹ tó le tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ilé ìwòsàn 24, fún aláìsàn 523, àwọn tó kú kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó ni wọ́n gbà láyè láti kópa. A ò ní sọ pé èyí nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà, nítorí ara àwọn aláìsàn Japan sábà máa ń fúyẹ́ ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2010, nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn Netherlands yẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lára àwọn tí wọ́n ṣe ti Japan fún, jẹjẹrẹ ikùn pa ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn yòókù, ó pa ìdá 48. Ọ̀nà náà dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó mú un ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìjọba tó gbọ́, ìjọba tó ṣe é

Denmark ò kó ìwádìí náà sínú dúrọ́ọ̀. Ní 2003, ilé ìwòsàn 37 ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ikùn ní orílẹ̀-èdè kékeré náà. Wọ́n dín in kù sí márùn-ún. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tó ń kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ìdá 8.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, ó wá sí 2.4.

Netherlands náà kọ́ ọgbọ́n. Láàárín 1989 sí 2009, iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ti ń kóra jọ sí ilé ìwòsàn díẹ̀ níbẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì ń dára sí i. Ti ikùn kò kóra jọ, àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò sì hàn nínú tirẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2011, wọ́n sì ṣòfin: ní 2012, ilé ìwòsàn tí kò bá ṣe tó mẹ́wàá lọ́dún kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́, ní 2013, wọ́n gbé e sókè sí ogún. Ní Ìlú Ọba, láti 2001 ni ìlànà ìjọba ti sọ pé ikọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn àti ọ̀nà ọ̀fun gbọ́dọ̀ máa bójú tó agbègbè tí èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé Àlàájì kọjá ilé ìwòsàn àdúgbò lọ sí èyí tó jìnnà, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lé yín.

Àwọn tó ń ṣàtakò náà ní ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàìní ìbéèrè tirẹ̀. Èkíní, ṣé ṣíṣe iṣẹ́ púpọ̀ ló ń sọ ilé ìwòsàn di dáadáa, àbí dáadáa tó wà tẹ́lẹ̀ ló ń fa èrò síbẹ̀? Láti 1987 ni Luft fúnra rẹ̀ ti ń béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀. Fún aláìsàn tó ń wá ibi tó máa lọ, ìdáhùn kan náà ni. Fún ìjọba, kò rí bẹ́ẹ̀: kíkó aláìsàn jọ síbi tí kò ní ohun èlò kò lè sọ ibẹ̀ di dáadáa.

Èkejì, iye kì í ṣe ohun gbogbo. Ilé ìwòsàn kékeré kan lè fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, ńlá sì lè máa ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ̀kẹta ló kan ẹbí jù. Ní 1999, wọ́n bi ọgọ́rùn-ún aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà léèrè pé ká ní wọ́n ní jẹjẹrẹ pancreas, ibo ni wọn ì bá ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ: nítòsí ilé, àbí níbi tó jìnnà? Kódà nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ewu ikú nítòsí ilé jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọ̀nà jíjìn, 45 nínú wọn ní ilé làwọn fẹ́. Ó yé wa. Ta ló máa se oúnjẹ? Ta ló máa bá wọn tú omi àlùwàlá? Níbo ni ìyàwó máa sùn sí? Èèyàn tó ń ṣàìsàn fẹ́ rí ojú tó mọ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ kó iṣẹ́ abẹ jọ gbọ́dọ̀ ronú nípa owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹbí máa sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn olówó nìkan ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Báwo ló ṣe kan wa nílé?

Ní 2021, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tó kan aláìsàn 15,958 ní ilé ìwòsàn 428, ní orílẹ̀-èdè 82. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú, ti ìfun ńlá àti ti ikùn fún ni wọ́n wò. Lórí ti ikùn, ó ṣeé ṣe kí aláìsàn kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, irú èyí tí Nàìjíríà jẹ́, ju ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ lọ. A máa ń sọ pé nítorí pé a kì í tètè lọ sílé ìwòsàn ni. Pípẹ́ náà burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn rí i pé bí jẹjẹrẹ ṣe tàn tó nìkan kò ṣàlàyé púpọ̀ nínú ikú tó ń tètè wáyé. Ibi tí kò bá ti sí ohun èlò ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní gbogbo ìgbà, èèyàn méje sí mẹ́wàá ló ń kú kún un nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tí ìṣòro ńlá bá.

Ohun tí Ghaferi rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn: yíyọ aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò túmọ̀ sí pé àwọn dókítà wa ò mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yọ aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ó túmọ̀ sí pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò sí àti bẹ́ẹ̀dì tí kò tó ń pa èèyàn bí abẹ tí kò mú. A ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, Ìdí-Àràbà, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìlọrin. Ó yẹ kí ìjọba yan díẹ̀ nínú irú wọn fún iṣẹ́ yìí, kó fún wọn ní ohun èlò, kí wọ́n sì máa sọ fún aráàlú iye tí wọ́n ṣe àti bó ṣe rí. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò. Kí adójútòfò náà wúlò fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ó yẹ kó lè gbé e dé ibi tó tọ́.

Kí ẹbí béèrè

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà tàbí inú ti lu, ẹ má ṣe wá ibi tó jìnnà: ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù ni kí ẹ sá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àyè wà láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀:

1. Irú iṣẹ́ abẹ yìí mélòó ni ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn yìí ń ṣe lọ́dún?
2. Bí ojú rírán bá jò lóru, ta ló máa wà níbí, kí sì ni wọ́n máa ṣe?
3. Ṣé bẹ́ẹ̀dì wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?
4. Ṣé àwọn dókítà oògùn jẹjẹrẹ ti bá yín jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀?
5. Bó bá jẹ́ bàbá yín ni, ṣé ibí ni ẹ máa ti ṣe é?

Ẹ tún béèrè nípa ayé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí wọ́n gé àpò oúnjẹ rẹ̀ máa ń jẹun díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, ẹni tí wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ nílò abẹ́rẹ́ fítámì B12 títí láé. Kí Ramadan tó dé, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ bá àlùfáà lórí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀.

Dókítà gidi kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tí iṣẹ́ náà kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ ẹni tó dára jù fún yín, òun fúnra rẹ̀ á sì kọ lẹ́tà. Ikú àti ìyè wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà lọ wà lọ́wọ́ wa. Abéèrè kì í ṣìnà.